Àkọlé Ìwádìí Kì í Ṣe Ohun Tí À Ń Rà

Bí ó bá ti ku oṣù díẹ̀ kí àwọn ọmọ wa tó wà ní ọdún ìparí jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń gbé wá bá àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ìlera: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní tọ́píìkì." Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń béèrè rẹ̀, àwọn tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlera ní Ìjerò ń béèrè rẹ̀, àwọn ti yunifásítì Adó àti ti Ọyẹ́ náà kò gbẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti gba àkọlé tán, ọ̀pọ̀ wọn kì í padà wá béèrè nǹkan mìíràn mọ́. Wọ́n ti rí ohun tí wọ́n wá. Ó ku kí wọ́n wá ẹni tí yóò bá wọn kọ ọ́.

Èrò tèmi ni pé ibi tí ọmọ ti rí àkọlé rẹ̀ ló ń sọ bí iṣẹ́ náà yóò ti rí. Ọmọ tí ó ra àkọlé yóò ra ìdáhùn mọ́ ọn. Èyí tí ó rí ìbéèrè nínú ilé bàbá rẹ̀, tàbí ní ìdí omi àlùwàlá, yóò fẹ́ mọ ìdáhùn rẹ̀ ní tòótọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí ló kan abala ìmọ́tótó àti ìlera nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn wá. Ọmọ tí ó ń fi irọ́ kún ìwé ìwádìí rẹ̀ lọ́dún yìí ni yóò máa gún wa lábẹ́rẹ́, tí yóò máa wo ìfúnpá wa, tí yóò sì máa kọ ohun tí ó rí sínú fáìlì ní ọdún mẹ́ta sí i.

Bí a bá dárúkọ Òkè-Ìmẹ̀sí, Fábùnmi àti ogun Kírìjì ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ìlú náà kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣègùn káàkiri ayé mọ̀ ọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ni. Ọdún 1935 ni wọ́n bí i. Ó di oníṣègùn àrùn ọpọlọ àti iṣan ara ní Ìbàdàn, ó sì di olórí ilé ìwòsàn UCH. Ọdún 1995 ni ó kú. Bí ọmọ kan bá fẹ́ mọ bí a ti ń yan ohun tí a ó ṣèwádìí lé lórí, kò yẹ kí ó wá a jìnnà ju ilé lọ.

Láàárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn àgbàlagbà kan láti àwọn abúlé ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú ní àìsàn kan náà. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn á máa jó wọn bí iná. Bí ó bá pẹ́, ẹsẹ̀ náà kò ní í mọ̀ mọ́ bí nǹkan bá kàn án. Wọn kò lè rìn tààrà, pàápàá bí ilẹ̀ bá ṣú. Ojú wọn ń ṣe bàìbàì, etí àwọn mìíràn sì ń di. Ẹ mọ ohun tí a máa ń sọ ní ilẹ̀ Yorùbá bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Ẹnìkan á ní wọ́n ṣe é ni. Òmíràn á ní ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Ọ̀ṣuntókun kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó ṣe é. Ìbéèrè rẹ̀ jọ ìbéèrè ìyá olóńjẹ: kí ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń jẹ?

Gbágùúdá ni wọ́n ń jẹ, láàárọ̀ àti lálẹ́, láìsí ohun púpọ̀ mìíràn pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ oníyán ni Ọ̀ṣuntókun. Bóyá ìyẹn náà wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ojú rẹ̀ tètè tó o. Ó yẹ àwọn aláìsàn náà wò láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo bí iṣan wọn ti ń gbé ìmọ̀lára, ó sì wọn ohun tí májèlé inú gbágùúdá ń fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wọn. Sáyánáìdì ni orúkọ májèlé náà. Ní ọdún 1968, iṣẹ́ yìí jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní Brain, tí wọ́n ń tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè nípa ẹ̀bà àti láfún ló dé ibẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí nítorí àwọn ìyá wa tó ń ṣe gàrí. Májèlé yìí wà nínú gbágùúdá tútù, pàápàá èyí tí ó korò, ṣùgbọ́n dídè ló wà. Bí a bá rin gbágùúdá, ìdè náà á tú, sáyánáìdì á jáde, yóò sì bá omi àti èéfín lọ nígbà tí a bá fún un tí a sì yan án. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá ìyá wa fi máa ń jẹ́ kí ó wà nínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan lábẹ́ òkúta, tí wọ́n sì máa ń rẹ ti láfún fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò mọ orúkọ májèlé náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iṣẹ́ tí ọjọ́ ń ṣe. Gàrí tí wọ́n rin lónìí tí wọ́n yan lọ́la nítorí pé oníbàárà ń dúró, kì í ṣe gàrí kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́. Ẹni tí ó bá ń jẹ gbágùúdá lójoojúmọ́, kí ó máa fi ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin kún un bí agbára rẹ̀ bá ti mọ, nítorí ohun kan wà nínú oúnjẹ wọ̀nyí tí ara fi ń pa oró sáyánáìdì.

Ní ọdún 1981, ọ̀dá dá ní agbègbè Nampula ní orílẹ̀-èdè Mozambique. Gbágùúdá kíkorò nìkan ló kù lóko, ebi ò sì jẹ́ kí àwọn obìnrin ní àkókò láti ṣe é bí ó ti yẹ. Láàárín oṣù díẹ̀, ó lé ní 1,000 ènìyàn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé, tí ẹsẹ̀ wọn rọ lójijì. Hans Rosling, dókítà ará Sweden tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà, wà lára àwọn tó tọpa ọ̀rọ̀ náà dé orí oúnjẹ. Kì í ṣe àìsàn kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú èyí tí Ọ̀ṣuntókun rí. Konzo ni wọ́n ń pe èyí, orúkọ tó wá láti Congo, tí ó túmọ̀ sí ẹsẹ̀ tí a dè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wá dùn sí nìyí. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn iṣẹ́ Ọ̀ṣuntókun, dókítà ọmọ Nàìjíríà kan, Oluwole, pẹ̀lú Rosling yìí kan náà àti àwọn mìíràn, padà sí Òṣósà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìlú Hubert Ogunde. Àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀: nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, bíi 6 nínú 100 ló ní in. Ìwé wọn jáde ní ọdún 2000. Nínú àwọn ìwé tó tẹ̀ lé e, Oluwole bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé ṣé sáyánáìdì nìkan ló fà á lóòótọ́, nítorí ohun tí ó rí kò bá èrò àtijọ́ mu. Àwọn kan lè rò pé èyí ba iṣẹ́ Ọ̀ṣuntókun jẹ́. Ojú tí èmi fi wò ó yàtọ̀. Ìbéèrè tí a mú láti orí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn gidi, bí ọgbọ̀n ọdún tilẹ̀ kọjá, ẹlòmíràn á tún lè lọ sí ìlú kan náà lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àkọlé tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ta ni yóò padà sí i? Ìlú wo ni yóò lọ?

Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe òmíràn ní Ìbàràpá. Wọ́n ka àwọn tó ní wárápá ní Ayétẹ̀, wọ́n rí 37 nínú 1,000. Wọ́n kà wọ́n ní Igbó-Ọrà, ìlú tí kò jìnnà sí i, wọ́n rí bíi 5 nínú 1,000. Èdè kan náà ni, oúnjẹ kan náà ni, ojú ọjọ́ kan náà ni. Kí ló dé? Igbó-Ọrà ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣètò ìlera láti ọdún 1963, wọ́n sì ro ó pé ìtọ́jú aboyún, ìgbẹ̀bí tó dára àti ìtọ́jú ibà ọmọdé lásìkò wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ náà. Ẹ wo bí ìbéèrè náà ti rọrùn tó: ìlú méjì, àìsàn kan, ẹ kà á. (Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, kí a má bàa gbàgbé: wárápá kì í ràn. Ìtọ́ ẹnu ẹni tí ó gbé kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ sì kó ohun líle kúrò nítòsí orí rẹ̀.)

Nínú ẹ̀sìn wa, ọ̀nà yìí kì í ṣe àjèjì. Al-Razi, oníṣègùn mùsùlùmí ilẹ̀ Páṣíà tó ti kú láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, kọ ìwé nípa ìgbóná àti èyí tí à ń pè ní mísùùsì, ó sì fi ìyàtọ̀ sáàárín àwọn méjèèjì. Ibi tí ó ti rí àkọlé rẹ̀ ni ara àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá bá a. Ànábì wa (ṣ.a.w.) kọ́ wa pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀, ẹni tó bá gba èyí gbọ́, iṣẹ́ ti dé bá a láti wá a kiri. Súúrà Al-Hujuraat sì pàṣẹ fún wa pé bí ìròyìn bá dé, kí a wádìí rẹ̀ dájú kí a má bàa ṣe àwọn ènìyàn ní ibi láìmọ̀. Mi ò mọ ohun tí a ó tún fi gba ọmọ níyànjú lórí ìwádìí tó ju ìyẹn lọ.

Kí ni ọmọ tó wà ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè tàbí ní Àrámọ̀kọ lè wá wádìí? Èyí tí wọ́n máa ń gbé wá máa ń tóbi ju ọwọ́ wọn lọ: ipa tí ibà ń kó lórí ìlera àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ọmọ kan ṣoṣo, tí ó ní oṣù mẹ́rin àti owó mọ́tò sí Adó, fẹ́ mọ bí ibà ti ń ṣe gbogbo Nàìjíríà! Dandan ni kí ó jí ìwé oníwé wò.

Kí ó lọ sí mọ́sálásí àdúgbò rẹ̀. Kí ó ṣí ìdérí àgbá tí a ń tọ́jú omi àlùwàlá sí. Ṣé tanwíji wà nínú rẹ̀? Àgbá mélòó ní mọ́sálásí mélòó? Èwo ló ní ìdérí, èwo ni kò ní? Ìgbà wo ni wọ́n fọ̀ ọ́ kẹ́yìn? Bí ó bá fi mọ́sálásí mẹ́wàá kà á, ó ti ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ rí nípa àdúgbò wa. Yóò tún kọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Ẹ̀fọn tó máa ń pamọ sínú àgbá kì í sábà jẹ́ ti ibà tí a mọ̀ yìí. Ti ibà, ojú adágún omi ìta gbangba ló fẹ́ràn jù. Èyí tó wà nínú àgbá, nínú táyà àti nínú ìkòkò sábà máa ń jẹ́ irú èyí tí ń gbé ibà apọ́njú kiri. Láti ẹyin títí tí yóò fi hu ìyẹ́ fò lọ máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Nítorí náà, bí mọ́sálásí bá ń da omi àgbá nù, tí ó sì ń fọ ara rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́bọ̀ kí Jímọ̀ tó dé, ẹ̀fọn náà kò ní ráyè dàgbà. Ìdáhùn tí ọmọ bá mú wá, lẹ́mọ́ọ̀mù lè kéde rẹ̀ ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Pírójẹ́ẹ̀tì wo lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló lè ṣe ìyẹn?

Tàbí kí ó bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn asalátù. A máa ń kọ ọ́ sára ìgò oògùn olómi ọmọdé pé ṣíbí kan, ohun tí a sì ní lọ́kàn ni mílílítà 5. Ṣíbí inú ilé kò dọ́gba. Òmíràn kéré sí i, òmíràn jù ú lọ dáadáa. Kí ọmọ náà ní kí ìyá kọ̀ọ̀kan mú ṣíbí tí ó fi ń bu oògùn wá, kí ó bu omi kún un, kí ó fi síríǹjì fa á, kí ó sì kọ iye tí ó rí. Ọgbọ̀n ṣíbí ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Kò ná an ju owó síríǹjì kan lọ.

Èyí tí ó wù mí jù ni ti ààwẹ̀. Ní oṣù Rọ̀mọ̀dáànù, àwọn bàbá àti ìyá wa tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ máa ń fúnra wọn yí àkókò oògùn padà. Oògùn tí dókítà ní kí wọ́n lò lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn kan á kó gbogbo rẹ̀ mì ní sààrì. Àwọn mìíràn á dá a dúró títí oṣù á fi parí. Kí ó gba oògùn àtọ̀gbẹ fún gbogbo ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì wá gbààwẹ̀ lé e, ó lè dá ènìyàn kú lọ́sàn-án gangan. Ènìyàn mélòó nínú mọ́sálásí wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ta ló bá dókítà tàbí apòògùn sọ̀rọ̀ kí oṣù tó wọlé? Ọmọ tí ó bá jókòó lẹ́yìn tarāwīh ní ọjọ́ mẹ́wàá, tí ó fi ọ̀wọ̀ bi àwọn àgbà ní ìbéèrè márùn-ún péré, yóò ní iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò ní lè sọ pé àwọn ti kà rí.

Ohun kan wà tí ó gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ lẹ́mọ́ọ̀mù, kí ó sì sọ fún olúkúlùkù pé ó lè kọ̀. Kí ó má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àìsàn Àlàájì lágbájá kì í ṣe ohun tí a ń gbé dé ilé ọkọ. Ẹni tó bá gbé e jáde ti ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, ìwé ẹ̀rí yunifásítì kò sì ní gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Mo ti gbọ́ àwáwí àwọn ọmọ. Wọ́n ní olùkọ́ ló ń pín àkọlé, a ò lè yàn fúnra wa. Òótọ́ ni ní ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá fún ọ ní "ìmọ́tótó", ìwọ ló kù tí yóò sọ ọ́ di àgbá mẹ́wàá ní mọ́sálásí mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni inú wọn máa ń dùn bí ọmọ bá mú ìbéèrè tó ṣe kedere lọ bá wọn, nítorí ó rẹ àwọn náà láti máa ka ìwé kan náà lọ́dọọdún. Wọ́n tún ní kò sí owó. Ṣíbí àti tọ́ọ̀ṣì kì í gbówó lórí. Owó tí wọ́n ń san fún ẹni tó ń bá wọn kọ ọ́ ju ìyẹn lọ fíìfíì, àwa òbí la sì ń san án.

Ọ̀rọ̀ wa wá dé ibẹ̀ yẹn báyìí. Bí ọmọ bá ní, "Ẹ fi owó pírójẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́," ohun tí a máa ń béèrè ni pé èló ni. Mo fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí lo fẹ́ mọ̀, ta lo fẹ́ bi, níbo lo ti máa lọ. Ìyá tí kò kàwé lè béèrè ìyẹn. Bí ọmọ kò bá lè fi èdè Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì, kò tíì ní àkọlé, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ló ní. Bí ó bá sì jẹ́ pé owó ẹni tó ń bá a kọ ọ́ ni, kí a má fi ránṣẹ́. A kò gbọdọ̀ fi owó tí a jèrè ní ọ̀nà hàláàlì ra ẹ̀tàn fún ọmọ wa, kí a tún máa pe àwọn àlùfáà wá ṣàdúà lé e lórí lọ́jọ́ tó bá gbàwé ẹ̀rí.

Fún àwọn tí ọmọ wọn yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ìbéèrè wọn wá bá wa ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Àsárì ní ọjọ́ Sátidé. Kí wọ́n má mú àkọlé wá o. Kí wọ́n mú ohun mẹ́ta tí wọ́n rí nínú ilé tàbí ládùúgbò tí kò yé wọn wá, a ó jọ wò ó èwo ló ṣeé kà. Ẹni tí ó bá yan ti àgbá omi, kí ó tètè dé, kí ó sì mú tọ́ọ̀ṣì dání, nítorí inú àgbá máa ń ṣókùnkùn, tanwíji a sì máa sá lọ sísàlẹ̀ bí òjìji bá ti bò ó.